Ẹ Má Gbé Gìtá Hawaii Bàbá Yín Lọ Sọ́dọ̀ Wẹ́dà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìkòròdú ni mò ń gbé, lápá Ẹ̀bútẹ́. Bàbá mi máa ń fi gìtá Hawaii kọrin nínú ẹgbẹ́ olórin jùjú kan kí wọ́n tó ṣaláìsí. Sho-Bud, irú èyí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, olókùn mẹ́wàá ni, ó ní pẹ́dà mẹ́ta tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, inú àpótí ló sì ti wà láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí mo so ó mọ́ amplifáyà, kò sọ̀rọ̀ rárá. Bí mo bá tẹ pẹ́dà àárín, okùn kẹta àti ìkẹfà ń lọ sókè, ṣùgbọ́n bí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, wọn kì í padà délẹ̀ tán. Pẹ́dà kẹta, okùn kẹrin nìkan ló ń fà, mo sì rí irin pẹlẹbẹ kékeré kan tó ti kán sí méjì nínú àpótí náà. Wẹ́dà kan ní Sábó ní òun á jó o pọ̀. Ẹlòmíràn ní kí n ta gbogbo rẹ̀ fún àwọn onírin, kí n fi owó náà kún owó kíbọọ̀dù. Kí ni kí n ṣe? Ṣé a lè rí ẹ̀yà rẹ̀ ṣe níbí?

Ìdáhùn: Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá yín sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ má ta gìtá yẹn fún onírin, ẹ má sì jẹ́ kí wẹ́dà kankan fi iná kàn án. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ẹyọ ẹ̀yà kan ṣoṣo ni mo rí tó yẹ kí a ṣe òmíràn dípò rẹ̀. Ìyókù, ìdọ̀tí àti àìlò ló ń dà á láàmú. Ìdáhùn ìbéèrè tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yín ni pé bẹ́ẹ̀ ni, a lè ṣe ẹ̀yà yẹn níhìn-ín, ní Ìkòròdú, bí ẹ bá lè ní sùúrù láti wọn nǹkan dáadáa kí ẹ tó lọ bá ẹni tó máa ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àlàyé yín ti fi hàn mí. Nínú tíúnì (ìyẹn bí wọ́n ṣe ń to ohùn okùn, tí wọ́n ń fi lẹ́tà pe ohùn kọ̀ọ̀kan) tí wọ́n ń pè ní E9, okùn kẹta àti ìkẹfà ni G#, pẹ́dà àárín ló sì máa ń gbé àwọn méjèèjì lọ sí A. Pẹ́dà kìíní a máa gbé okùn karùn-ún àti ìkẹwàá láti B lọ sí C#. Pẹ́dà kẹta a máa gbé okùn kẹrin láti E lọ sí F#, a sì tún máa gbé okùn karùn-ún láti B lọ sí C# lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí pẹ́dà yín ń ṣe bá èyí mu, nítorí náà ó jọ pé E9 ni bàbá yín tò ó sí. Okùn méjì ló yẹ kí pẹ́dà kẹta máa fà, tiyín ń fa ẹyọ kan. Irin tó kán yẹn ló yẹ kó máa fa okùn karùn-ún. Pẹ́dà kìíní ṣì ń gbé okùn kan náà yẹn lọ sí C# kan náà, nítorí náà bí a bá ti tún ohùn rẹ̀ ṣe, tí okùn sì ń padà bó ṣe yẹ, ẹ lè máa fi ta orin kí ẹ̀yà tuntun tó dé. Ẹ má kánjú.

Ẹ yí i dojú bolẹ̀ lórí tábìlì tí ẹ tẹ́ aṣọ nípọn sí, kí ẹ rí abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ pẹ́dà, ọ̀pá kan tó dúró gbọnrangandan á fa ọ̀pá ìdábùú kan tó rìn láti ẹ̀gbẹ́ kan gìtá dé èkejì, ọ̀pá ìdábùú náà á sì yí díẹ̀. Lára rẹ̀ ni wọ́n kan irin pẹlẹbẹ kéékèèké mọ́, àwọn yìí là ń pè ní bellcrank, èyí tó kán sì wà lára wọn. Bí ọ̀pá ìdábùú bá ti yí, bellcrank á fa ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ìyẹn ọ̀pá ìfà, tó lọ sí orí gìtá lápá ọ̀tún. Ibẹ̀ ni changer wà, níbi tí okùn kọ̀ọ̀kan ti ní ìka irin tirẹ̀ tó gùn lé orí ọ̀pá kan ṣoṣo. Ìka náà á yí, á fa okùn le, ohùn á ga. Nígbà tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, líle okùn fúnra rẹ̀ ló máa ń dá ìka padà sí ibi tó ti kúrò. Kò sí mọ́tò níbẹ̀, kò sí kọ̀ǹpútà, ohun gbogbo wà ní gbangba fún ojú. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń gba àwọn ọ̀dọ́ tó bá jogún irú gìtá yìí níyànjú pé kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n máa fi ọwọ́ tẹ pẹ́dà, kí wọ́n sì máa wo bí irin kan ṣe ń ti èkejì kí wọ́n tó tú ohunkóhun.

Ohùn tí kò jáde ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú, nítorí òun ló rọrùn jù. Ẹ fi wáyà mìíràn dán an wò. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ibi tí wáyà ń wọ̀, kí ẹ wo jáàkì rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ní ẹ̀bá wa yìí kì í dá irin sí, inú jáàkì ló sì máa ń kọ́kọ́ wọ̀. Bí jáàkì bá mọ́ tí kò sì sí ohùn síbẹ̀, ẹ gbé mítà, kí ẹ wọn pickup (ẹ̀yà abẹ́ okùn tó ń sọ ìró okùn di iná fún amplifáyà) láti etí wáyà rẹ̀ méjèèjì. Pickup gìtá Hawaii olókùn mẹ́wàá sábà máa ń wà láàárín ohm 15,000 sí 20,000. Bí mítà bá ka iye tó sún mọ́ èyí, ara pickup dá, ìsopọ̀ kan níta ló já. Bí kò bá ka nǹkan kan, ẹ wo ibi tí wáyà tó hàn ti pàdé wáyà bíńtín ti kọ́ìlì, nítorí ibẹ̀ ló máa ń já jù, ẹni tó ń tún rédíò ṣe tí ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ sì lè fi lẹ́ẹ̀dì so ó padà. Bó bá jẹ́ pé inú kọ́ìlì ló ti já, a ó ní láti wé òmíràn. Ẹ má gbé e lọ fún àwọn tó ń wé mọ́tò jẹnẹrétọ̀ o. Wáyà 42 tí wọ́n sábà máa ń fi wé pickup nípọn tó bíi ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà, bí irun orí, wáyà tiwọn sì nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. A máa ní láti bèèrè irú wáyà bẹ́ẹ̀ láti òkè òkun. Mágínẹ́ẹ̀tì àtijọ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sọnù.

Ó kan okùn tí kì í padà. Bí okùn kò bá padà, ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré lọ pààrọ̀ sípíríǹgì, kí wọ́n tó mọ ibi tí nǹkan ti há. Ibi mẹ́ta ló lè fà á, ẹ sì lè mọ èyí tó jẹ́ láìná kọ́bọ̀. Ẹ tẹ pẹ́dà àárín, kí ẹ tú u sílẹ̀, kí ẹ fi ìka yín tẹ okùn kẹta díẹ̀ lẹ́yìn táyà kékeré tó gbé okùn náà lápá òsì, láàárín rẹ̀ àti ibi tí a ti ń yí okùn. Bí ohùn bá yí padà nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, tó sì dúró bẹ́ẹ̀, táyà yẹn ló ti há, kò yí mọ́. Ẹ yọ ọ́, ẹ fọ ọ́, ẹ kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ ẹyọ kan sí i. Bí kò bá jẹ́ òun, ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí ẹ tú náílọ́ǹ kékeré tó wà ní ìdí ọ̀pá ìfà okùn náà díẹ̀. Nígbà tí pẹ́dà bá wà ní ìsinmi, ó yẹ kí àyè bíńtín wà láàárín náílọ́ǹ náà àti ìka. Bí ẹnì kan bá ti yí i le jù nígbà tó ń wá ohùn kiri, kò ní jẹ́ kí ìka délẹ̀ láéláé. Ẹ̀kẹta ni pé ìka fúnra rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọ̀pá tó gùn lé. Gíríìsì tí wọ́n fi sí i láyé àtijọ́ á ti dì, eruku ọyẹ́ á ti wọ inú rẹ̀, á sì ti di gọ́ọ̀mù. Nígbà tí okùn méjì bá ń ṣe irú nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀kan náà bíi tiyín, ẹ̀kejì àti ẹ̀kẹta yìí ni mo máa ń fura sí jù.

Bó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù ni, ẹ tú gbogbo okùn sílẹ̀, kí ẹ gbé gìtá náà dúró kí nǹkan olómi má bàa ṣàn wọ inú igi, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré fi kẹrosíìnì fọ àárín àwọn ìka náà. Ẹ máa mi ìka kọ̀ọ̀kan síwá sẹ́yìn bí ẹ ti ń fọ̀ ọ́. Ẹ fi àkísà tó mọ́ gba ohun tó bá ń jáde, kí ẹ má ṣe jẹ́ kó kan ọ̀dà ara gìtá, kí ẹ sì ṣe é ní gbangba, jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti sítóòfù. Bó bá ti gbẹ tán, epo ẹ̀rọ ìránṣọ bíńtín ti tó. Gíríìsì kò yẹ níbẹ̀, nítorí á tún kó eruku ọyẹ́ tó ń bọ̀ pọ̀ ni.

Ẹ̀yà tó kán ló kù. Láàárín àwọn ọdún 1950 ni Shot Jackson àti Buddy Emmons bẹ̀rẹ̀ Sho-Bud ní Nashville, ní Amẹ́ríkà, lára orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n sì ti mú orúkọ náà. Gìtá wọn lóhùn dídùn tí mi ò tíì rí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lára àwọn tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1970, àwọn ẹ̀yà abẹ́ kan wà tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n yọ́ irin olówó pọ́ọ́kú tí síǹkì pọ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n dà á sínú àwòṣe. Bí òjé bá wà nínú irú síǹkì bẹ́ẹ̀, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á máa jẹ ẹ́ láti inú. Á wú díẹ̀, á là, á sì máa rún bíi bisikíìtì. Ojú ọjọ́ wa níbi tí ọ̀sà wà yìí kò sì bá a rẹ́ rárá. Ẹ wo ojú ibi tó ti kán: bó bá jẹ́ eérú eérú, tó rí hóró hóró, tí kò sì tẹ̀ kó tó kán, irin bẹ́ẹ̀ ni.

Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ní kí ẹ jìnnà sí wẹ́dà. Síǹkì ń yọ́ ní 419 lórí ìwọ̀n Celsius, alumíníọ́mù kì í yọ́ títí dé 660. Iná wẹ́dà kọjá àwọn méjèèjì lọ fíìfíì. Kí ó tó rí ibi tó máa jó pọ̀, irin náà á ti ṣàn sílẹ̀, èéfín rẹ̀ kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń jó o. Gọ́ọ̀mù Araldite náà kò lè gbé e, nítorí ẹsẹ̀ ènìyàn ló ń fa ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà nínú orin kan ṣoṣo. Mo ti rí gìtá tí wọ́n jó ọ̀pá ìdábùú rẹ̀ mọ́ bellcrank pátápátá. Wọn ò lè sún bellcrank síbi tó yẹ mọ́, pẹ́dà yẹn kò sì bá okùn mu títí di òní.

Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ fi alumíníọ́mù pẹlẹbẹ gé òmíràn. Ẹ lọ sí Owódé Onírin, kí ẹ bèèrè àjákù alumíníọ́mù tó nípọn tó ti àtijọ́, èyí tó le, tí kò rọ bíi ti ìkòkò ìdáná. Bí ẹ bá fi fáìlì fá a, tí ìfáfá rẹ̀ ń já wẹ́wẹ́ dípò kó máa lẹ̀ mọ́ ẹnu fáìlì, ó dára. Idẹ náà dára, kì í dógùn-ún, ó kàn wúwo díẹ̀ ni. Mo fẹ́ràn idẹ fún ẹ̀yà tó bá kéré, àmọ́ alumíníọ́mù ni mo máa ń lò fún bellcrank.

Kí ẹ tó lọ bá táná, ìyẹn ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, ẹ wọn nǹkan. Ẹ fi superglue lẹ irin méjèèjì tó kán pọ̀, kì í ṣe fún lílò, fún wíwọ̀n ni. Ẹ fi kálípà wọn bó ṣe nípọn tó, bí ihò ọ̀pá ìdábùú ṣe fẹ̀ tó, àti bóyá ihò náà rí róbótó ni àbí ó ní igun. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ ni bí àárín ihò ọ̀pá ìdábùú ṣe jìnnà sí àárín ihò tí ọ̀pá ìfà ń wọ̀. Ìwọ̀n yẹn ló ń sọ bí okùn ṣe máa rìn tó nígbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dà. Bó bá fi mìlímítà méjì gùn jù, okùn karùn-ún á ti dé C# kí okùn kẹrin tó dé F#, ẹ ó sì máa gbọ́ ohùn méjì tí ń lé ara wọn. Bó bá kúrú jù, karùn-ún kò ní débẹ̀ rárá. Ẹ wọn bellcrank okùn karùn-ún ti pẹ́dà kìíní náà. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe jọra, ó sì máa jẹ́ ẹlẹ́rìí yín bí ibi tó kán bá ti run jù láti wọ̀n.

Ẹ ya gbogbo rẹ̀ sórí pépà ní mìlímítà, kí ẹ sì mú irin àtijọ́ àti ọ̀pá ìdábùú fúnra rẹ̀ dání. Àwọn táná tó mọṣẹ́ wà lápá Odògúnyàn, tí wọ́n ń gé ẹ̀yà ẹ̀rọ fún àwọn ilé iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Ẹni tó lè gé ẹ̀yà ẹ̀rọ tó ń ṣe ike kò ní rí bellcrank bí ohun tó le, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju pé ó kéré. Ẹ sọ fún un pé kí ó kọ́kọ́ dá ihò náà kéré ju bó ṣe yẹ lọ, kó wá máa fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀pá ìdábùú á fi wọ̀ ọ́ láìmì. Mímì bíńtín níbẹ̀ á di mímì ńlá lẹ́sẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kó ṣe mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí ni pé bí ọ̀kan bá ti kán nítorí irú irin yẹn, àwọn ìyókù ti dàgbà tó o, ìnáwó ẹlẹ́ẹ̀kejì yóò sì dùn yín ju àfikún mẹ́ta tó máa ṣe lọ́jọ́ yẹn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má pààrọ̀ èyí tí kò tíì kán.

Ohun kan wà tó ń ba gìtá Amẹ́ríkà jẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ wa, mo sì fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Íǹṣì ni wọ́n fi ń ṣe síkúrúù tiwọn, mìlímítà ni èyí tó kún ọjà wa. Nínú síkúrúù tiwọn, ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní 10-32: ó fẹ̀ tó mìlímítà 4.83, tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sì jẹ́ 32 nínú íǹṣì kan, ìyẹn mìlímítà 0.79 láàárín ọ̀kan sí èkejì. M5 tiwa fẹ̀ tó mìlímítà 5, àlàfo tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jẹ́ 0.8. Wọ́n jọra débi pé M5 á wọlé díẹ̀ bí ẹ bá fi agbára yí i, á sì dà bíi pé ó ti bá a mu. Ibẹ̀ ni yóò ti jẹ tẹ́rẹ́ẹ̀dì inú alumíníọ́mù náà run. Síkúrúù tó bá ti ń le láti ìyípo kejì, ẹ yọ ọ́. Ẹ tọ́jú gbogbo síkúrúù àtijọ́, bí wọ́n tilẹ̀ dógùn-ún. Ẹ kó wọn sínú ọ̀rá pẹ̀lú pépà tó sọ ibi tí kálukú ti wá, kí ẹ sì ya fọ́tò kí ẹ tó tú ohunkóhun.

Náílọ́ǹ ìdí ọ̀pá ìfà tó bá ti pọ́n tó sì ti là, táná lè gé òmíràn láti ara ọ̀pá náílọ́ǹ funfun tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yà ẹ̀rọ. Sípíríǹgì tó bá sọnù, ẹ wá èyí tí gígùn rẹ̀ àti nínípọn wáyà rẹ̀ bá ti ẹnìkejì rẹ̀ mu. Èyí tó le jù á sọ pẹ́dà di ẹrù.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kun igi rẹ̀ lọ́dà o. Ẹ má sì jẹ́ kí káfíńtà fi páláńkì tì í lábẹ́. Aṣọ rírọ̀ tó lómi díẹ̀ àti èyí tó gbẹ ti tó. Ibi tí apá bàbá yín ti jẹ ọ̀dà rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ iyì Sho-Bud, ọ̀dà tuntun ló máa kọ́kọ́ bí i nínú.

Ìka inú changer ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣọ́ra fún. Orí rẹ̀ níbi tí okùn ń gbà kọjá ti rí róbótó ní ìwọ̀n kan, ibẹ̀ ni gígùn okùn sì parí sí. Okùn máa ń gbẹ́ ojú ọ̀nà sórí rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ohùn á wá máa hó. Bó bá wà bẹ́ẹ̀ lára tiyín, ẹ fi sáńpépà 1000 àti 2000 dán an tẹ̀lé róbótó rẹ̀, kí ẹ fi Brasso parí rẹ̀. Ẹ má fi fáìlì kàn án. Ìka ni ẹ̀yà kan tí mi ò ní rán yín lọ bá táná fún, nítorí ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá gbọ́dọ̀ bá ara wọn dọ́gba, bí ọ̀kan bá sì ga ju èkejì lọ, irin tí ẹ fi ń tẹ okùn kò ní fi ara kan gbogbo wọn mọ́.

Ẹni tó ní kí ẹ ra kíbọọ̀dù kò ro ohun tí gìtá yìí ṣe fún orin wa. King Sunny Adé ló mú un wọ inú jùjú, nígbà tí Island Records sì gbé orin rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé ní 1982, gìtá Hawaii Demọ́lá Adépòjù wà lára ohun tó ń mú àwọn òyìnbó dá etí sí i. Ohùn tó ń fà láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì láìjá, bí ẹni ń fi ohùn Yorùbá sọ̀rọ̀, kíbọọ̀dù kò ní i. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ta ń dín kù. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín yìí kì í ṣe pàǹtí irin, ẹ jọ̀wọ́.

Nígbà tí ẹ bá ti to gbogbo rẹ̀ padà, ẹ ra okùn tuntun ti E9, kí ẹ sì ra okùn kẹta méjì tàbí mẹ́ta lé e. Òun ló tẹ́ẹ́rẹ́ jù, íǹṣì .011 ni, òun ló sì máa ń já jù nítorí bó ṣe ga sí G# tó tún ń lọ sí A. Láti okùn kìíní dé ìkẹwàá, bí ẹ ṣe máa tò wọ́n nìyí: F#, D#, G#, E, B, G#, F#, E, D, B. Ẹ kọ́kọ́ fi ibi tí a ti ń yí okùn tún gbogbo wọn ṣe láìtẹ pẹ́dà kankan. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ pẹ́dà kìíní dé ìsàlẹ̀, kí ẹ dì í mú, kí ẹ wá fi náílọ́ǹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mú okùn karùn-ún àti ìkẹwàá dé C#. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún pẹ́dà kejì, kí ẹ tó ṣe ẹ̀kẹta. Okùn karùn-ún á ní náílọ́ǹ méjì, ọ̀kan fún pẹ́dà kìíní, ọ̀kan fún ẹ̀kẹta. Ẹ máa tú pẹ́dà sílẹ̀ lẹ́yìn ìyípo kọ̀ọ̀kan láti rí i pé B ṣì wà ní B.

Bí okùn kẹrin àti karùn-ún kò bá débẹ̀ pọ̀ lórí pẹ́dà kẹta lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi bellcrank tuntun sí i, ẹ má tíì dá táná lẹ́bi. Ẹ wo ihò tí ọ̀pá ìfà wọ̀ lára bellcrank: ihò tó bá jìnnà sí ọ̀pá ìdábùú á mú okùn yára, èyí tó sún mọ́ ọn á mú un falẹ̀, ẹsẹ̀ yín á sì fúyẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ sún ọ̀pá ìfà náà sí ihò mìíràn, kí ẹ tún un tò, kí ẹ sì fi etí gbọ́ ọ.